Iyọ̀ Ọ́ńsì Mẹ́rin Pẹ̀lú Ènì

Òkè Ilé Oúnjẹ, Lọ́ńdọ̀nù, 1956

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ fi ẹ̀dọ̀ lórí òróòro kí àbúrò mi Ignatius tó ka èyí sí yín létí: iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ níbi iṣẹ́ mi.

Ìwé ìdáná wọn ní kí n fi iyọ̀ ọ́ńsì mẹ́rin sí i. Níbí, ọ́ńsì kan wà fún ohun tí a ń gbé sórí ìwọ̀n, òmíràn wà fún ohun tí a ń fi ife bù, orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Èmi fi ife bù ú. Mo yege ìṣirò ní Politẹ́kíníìkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe kọ́ mi láti ta iyọ̀ ní ọjà Atosin ni ọwọ́ mi ṣe: ó ga lórí ife bí Òkè Ìdànrè, mo sì fi ènì sí i.

Ọ̀gá alásè tọ́ ọbẹ̀ wò. Mo jẹ́wọ́ fún un pé mo fi ènì sí i. Ó ní, "Kí ló ń jẹ́ ènì?"

Mo ní, "Òun ló ń mú oníbàárà padà wá, sà."

Ó wo àwọn tábìlì. Ó ní, "Gbogbo wọn ti lọ."

Ó ti wọlé tọ ẹni tó ni ilé oúnjẹ lọ. Bí iṣẹ́ bá bọ́, yàrá bọ́, torí òkè ilé ìdáná ni mo ń sùn. Ẹ má dààmú. Òtútù ibí kò tó bí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Wọ́n ti ń pè mí. Ẹ bá mi kí Kíkẹ́lọmọ àti gbogbo ará ilé yòókù.

Ọmọ yín,
Olúsànmí

ÌKÉDE: A ń fi èyí tó gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn létí pé kí wọ́n má ṣe kọ lẹ́tà sí àdírẹ́sì òkè yìí mọ́. A ó kéde òmíràn nígbà tí òǹkọ̀wé bá rí ibi sùn.