Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọn Ò Gbà Lọ́wọ́ Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Mo lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò mi. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, dókítà ní kí mọ̀lẹ́bí wá. Ta ló kù bí kò ṣe èmi? Ẹni tó fa ẹ̀jẹ̀ náà ní iṣan mi dára. Inú mi dùn bí ọmọ tí tíṣà yìn. Nígbà tí mo padà sí ilé búrẹ́dì, ọ̀gá ní kí n má sún mọ́ ààrò lónìí. Òróró ni mo fi ń pa páànù títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́rú, 5
Wọ́n pè mí láti ọsibítù. Wọn ò lè lo ẹ̀jẹ̀ mi. Wọn ò sọ ìdí rẹ̀ lórí fóònù — kí n ṣáà wá. Mo po ìyẹ̀fun tán kí n tó rántí pé n kò fi iyọ̀ sí i.

Ọjọ́bọ̀, 6
Nọ́ọ̀sì náà ò ju ọmọ mi lọ. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Mà, ẹ̀jẹ̀ yín fi sífílísì hàn." Mo ní ṣé àtọ̀sí ni? Ó ní ọ̀tọ̀ ni àtọ̀sí.
Mo bú sẹ́rìn-ín. Ìtìjú ló ń rẹ́rìn-ín, kì í ṣe èmi. Èmi opó! Láti ìgbà tí Baba Wọn ti kú, ọkùnrin kankan ò fọwọ́ kàn mí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Kò bá mi jiyàn. Ó ní àìsàn yìí mọ̀ ọ́n sá pamọ́. Egbò kan á kọ́kọ́ yọ lójú ara. Kì í dunni, ó sì ń jinná fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ara lè sú, títí kan àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Ìyẹn náà á lọ. Ẹni tó ni ín á rò pé ó tán. Kò tán. Ó lè sùn sínú ara fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bó bá sì jí, ojú ni o, ọpọlọ ni o, ọkàn ni o. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń tú àṣírí rẹ̀.
Ó tún fa òmíràn, kó lè dá wa lójú.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Òótọ́ ni.
Abẹ́rẹ́ pẹnisílínì, ìdí ọ̀tún, ìdí òsì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n ó fi gbà á. Mo rìn wálé bíi pẹ́pẹ́yẹ. Nọ́ọ̀sì ní oògùn á pa àìsàn náà, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti bà jẹ́ lè má tún ṣe mọ́. Ó wá bi mí bóyá ọkọ mi ní obìnrin mìíràn, kí onítọ̀hún lè wá ṣàyẹ̀wò. Mo ní n kò mọ̀.
Mo mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Arẹwà. Ìyàwó tí Baba Wọn fẹ́ lé mi. Ìbínú ni mo fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn nínú ìwé yìí — ó kúkú rẹwà.
Ọmọ mẹ́ta ló bí lókùú, kí èyí tó yè tó dé. Nígbà ìkẹta, ó sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé èmi ni mò ń pa wọ́n. Wọ́n gbà á gbọ́. Ìyá ọkọ wa ò fẹnu kan oúnjẹ mi mọ́ títí tó fi kú. Èmi àti Arẹwà ò sì kíra wa mọ́.
Wọ́n ní ojú rẹ̀ ti ń lọ báyìí. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo ní ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí nǹkan ni. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Lónìí, n kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Iṣẹ́ abẹ àbúrò mi yọrí sí rere. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló fún un lẹ́jẹ̀. Mo purọ́ pé ara mi ni kò le.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Abẹ́rẹ́ kejì. Mo bi nọ́ọ̀sì bóyá òun lè bá mi pe ẹnì kan. Ó ní òun á pè é, òun ò sì ní dárúkọ mi. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Bí àjèjì bá pe Arẹwà pé kó wá ṣàyẹ̀wò irú nǹkan báyìí, èébú ló máa fi dáhùn. Ẹsẹ̀ ara mi ni n ó fi lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Wọ́n ta okùn kan láti ibùsùn Arẹwà dé ilé ìwẹ̀, òun ló ń dì mú rìn. Ohùn mi ló fi dá mi mọ̀. "Kí lẹ wá wò? Ẹ ti rí i."
Mo jókòó láìgbàṣẹ. Mo sọ ọ́ ní ṣókí: mo ní àìsàn kan, ilé ọkọ wa ni mo ti kó o, ó ń ba ojú jẹ́, ó ń pa ọmọ nínú, abẹ́rẹ́ wà fún un. Ó wá ní mo pa ọmọ òun tán, mo tún fẹ́ lẹ àìsàn ìṣekúṣe mọ́ òun lára. Kí n jáde.
Mo jáde.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Mo ti ṣe tèmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Ọmọbìnrin Arẹwà wá bá mi ní ilé búrẹ́dì. Ó kúnlẹ̀ sáàárín ìyẹ̀fun. "Màmá, wọ́n ní kí ẹ wá mú àwọn lọ sí ọsibítù. Wọn ò sùn láti ọjọ́ tí ẹ ti wá."

Ọjọ́rú, 19
Mo di apá Arẹwà mú láti ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Ó ti fúyẹ́ jù. Nọ́ọ̀sì gún ìka rẹ̀, ó kán ẹ̀jẹ̀ náà sórí ike àyẹ̀wò, ó ní ìlà méjì ló ń fi àìsàn náà hàn. Arẹwà ní kí n sọ ohun tí mo rí. Mo ní ìlà méjì. Ó mọ̀.
Ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ̀ kì í ṣe ti ojú. "Àwọn ọmọ mi ńkọ́?" Nọ́ọ̀sì ní òun ò lè búra, àmọ́ iṣẹ́ àìsàn yìí nìyẹn, bí wọ́n bá tètè yẹ ẹ̀jẹ̀ aláboyún wò, tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀, ọmọ sábà máa ń yè.
Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu mi là: "Èmi náà. Mo bí ọ̀kan lókùú. Kí o tó dé."
Ó yíjú sí mi. Kò mọ̀ rí.
Wọ́n yẹ ọmọ rẹ̀ náà wò. Kò ní in. Arẹwà ni wọ́n dá dúró. Inú iṣan ni wọ́n á ti máa fún un ní oògùn, nítorí ojú. Èyí tó ti lọ lè má padà. Èyí tó kù ni wọ́n ń jà fún.

Ọjọ́ Ẹtì, 21
Abẹ́rẹ́ mi parí. Mo gba wọ́ọ̀dù Arẹwà kọjá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà níbẹ̀, ẹni tó lérí nígbà náà pé òun á sun mí mọ́lé. Arẹwà ní kí n má lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ìyálé mi, mo kó o jẹ. Àìsàn ló pa àwọn ọmọ mi. Ẹ bá mi sọ fún gbogbo wọn." Ọkùnrin náà wolẹ̀ títí. Ó ní ó dáa.
Mo ti rò pé ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, n ó jó. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo jáde sí, mo sunkún.
Nígbà tí mo wọlé padà, ẹ̀gbọ́n ti lọ. Arẹwà ní, jẹ́jẹ́, "Àìsàn náà ti wà nílé kí n tó dé nìyẹn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo dúró de èébú.
Ó wá ọwọ́ mi lórí aṣọ ìbora títí ó fi rí i. "Tiyín ńkọ́, ìyálé mi? Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"
Kò sẹ́ni tó bi mí rí.
Mo ní obìnrin ni.