Wọn Ò Bi Sènámi Léèrè

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà mi. Mo kí Bàbá mi nídìí òfì wọn, mo kí Ẹ̀gbọ́n Sùlé àti ìyàwó wọn, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ìsẹ́yìn. Ara mi le. Òjò ò jẹ́ ká rímú mí láti oṣù tó kọjá. Láti Òkòkòmàíkò dé Ọ̀jọ́ ti di ẹrẹ̀ nítorí ọ̀nà ńlá tí wọ́n ń là lọ sí Àgbádárìgì. Yàrá kan ni mo ń gbé ní Ìbà, kò sì sẹ́ni tó ń pè mí ní Àyìnkẹ́ níbí.

Nínú lẹ́tà tí ẹ ní kí Ẹ̀gbọ́n bá yín kọ, ẹ béèrè irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an. Ẹ ní wọ́n sọ fún yín pé ìjọba ń sanwó fún mi kí n máa jókòó ti èèyàn, kí n máa gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, àti pé mo ti bá ọ̀gá mi jà. Òótọ́ ni méjèèjì. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ìwé ìròyìn gbé e jáde, kí àwọn ẹlòmíràn lè bá yín kà á.

Ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n rán wa lọ ní Ìbàdàn, olùkọ́ wa kọ́ wa pé ẹni tó wà nínú ìṣòro ló mọ ibi tó ti ń dùn ún. Tiwa ni ká jókòó tì í, ká gbọ́ ọ yé, ká má dá a lẹ́jọ́, ká má sì díbọ́n níwájú rẹ̀. Tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ pé a ka òun kún èèyàn, òun fúnra rẹ̀ á rí ọ̀nà tí yóò gbà. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, mo yege. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó wà nínú ìṣòro, fọ́ọ̀mù ni mo bá.

Obìnrin kan wà ní Òkòkòmàíkò, tí a ń pè ní Òkòkò, Sènámi lorúkọ rẹ̀, Ẹ̀gùn ni, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ọkọ rẹ̀ ń wa yanrìn fún kọngílá kan tó ń tà á fáwọn tó ń kọ́lé. Ẹ mọ̀ pé owó epo ti mú kí gbogbo èèyàn máa kọ́lé. Lọ́jọ́ kan ilẹ̀ ya lu ọkùnrin náà nínú kòtò, ó sì kú. Sènámi wà ní Àgbádárìgì lọ́jọ́ náà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Kó tó dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀. Kọngílá gbé àpò ìrẹsì òkè òkun kan ránṣẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ parí.

Láti ọjọ́ náà ni Sènámi ò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ọmọbìnrin méjì ló bí, ẹ̀kọ mímu nìkan ló ń fún wọn, àpò ìrẹsì sì wà ní igun yàrá, kò tú u. Ìyá onílé rẹ̀, ará Àwórì, obìnrin tó láàánú, wò ó títí, ẹ̀rù bà á, ó wá fi tó ọ́fíìsì wa létí pé orí ayálégbé òun ti dàrú.

Èmi ni wọ́n rán lọ. Ìyá mi, mi ò ní parọ́ fún yín. Mo gbé fọ́ọ̀mù lé itan, mo ń ka ìbéèrè láti òkè délẹ̀: ọmọ ọdún mélòó ni yín, ẹ̀sìn wo lẹ ń ṣe, ṣé ẹ ń rí oorun sùn, ṣé ẹ ń jẹun. Kò dáhùn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò fèsì, pé oúnjẹ wà nílé tí kò fún àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ. Mo lọ. Ohun tí mo kọ yẹn ni ọ̀gá mi kà tó fi pàṣẹ pé kí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí ilé ọmọ aláìlóbìí, kí wọ́n sì gbé ìyá wọn lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ. Kò tíì fojú kàn án rí. Ìwé àṣẹ náà kò ju ìlà mẹ́ta lọ, ó ní kí n fọwọ́ sí i. Ẹ dárí jì mí pé mi ò pe ọ̀gá mi ní "wọn". Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbà á.

Mi ò fọwọ́ sí ìwé náà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó bi mí bóyá mo rò pé Sènámi nìkan ló wà ní Èkó, ṣùgbọ́n ó gbà.

Mo padà sí Òkòkò láìmú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti Sènámi lórí àpótí, mi ò bi í ní nǹkan kan. Ó ń tún àwọ̀n ẹja ṣe, mo ń bá a di okùn mú. Lọ́jọ́ kẹta mo sọ ohun tó wà nínú mi fún un: pé ojú ń tì mí nítorí ohun tí mo kọ nípa rẹ̀, pé mo kọ ọ́ láìmọ nǹkan kan. Ó gbé àwọ̀n náà sílẹ̀. Ó wá fi Yorùbá tó já geere sọ̀rọ̀.

"Gbogbo yín lẹ ń bi mí bóyá mo ń jẹun," ó ní. "Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo mọ ibi tí wọ́n sin ọkọ mi sí."

Mo béèrè ọ̀rọ̀ ìrẹsì. Ó ní, "Tí mo bá sè é, mo ti gbà pé òun ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ nìyẹn."

Ìyá mi, mo sunkún níwájú ẹni tó yẹ kí n tù nínú. Ẹni tí orí rẹ̀ pé jù ní àdúgbò yẹn ni wọ́n fẹ́ gbé lọ sí ilé wèrè.

Mo bi í ohun tó fẹ́ ká ṣe. Ó ní òun fẹ́ rí ibojì náà, òun fẹ́ dá ìrẹsì padà, òun ò sì fẹ́ kí n gbẹnu sọ fún òun lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, kí n ṣáà tẹ̀ lé òun. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń wa yanrìn mú wa dé ẹ̀yìn Ìbà, níbi tí wọ́n bo ọkùnrin náà mọ́lẹ̀ sí láìsí àmì kankan. Sènámi kúnlẹ̀, ó bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lédè Ẹ̀gùn títí oòrùn fi kan àtàrí. Mi ò gbọ́ ọ̀kan níbẹ̀, mi ò sì béèrè. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ìyá onílé gbé àpò náà rù ú. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú ilé kọngílá, ó padà sílé, ó se ẹja fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọ̀gá ò dúró kí ọ̀sẹ̀ pé. Ó mú ọkọ̀ ìjọba lọ kó àwọn ọmọ láìjẹ́ kí n mọ̀. Ìyá onílé ló sọ bó ṣe rí fún mi. Sènámi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Èmi nìyí, ọ̀gá. Ẹ bi mí." Ọ̀gá ò rí nǹkan kan bi í. Ìyá onílé bọ́ síwájú, ó ní òun lòun kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn, òun sì ti rí i pé òun ṣì í. Ọkọ̀ padà lófo.

Àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá wọn. Ní tèmi, wọ́n ní mo ṣàfojúdi, wọ́n ti gbé mi lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Ẹ ò mọ iye èèyàn tó wà nínú eruku yẹn, Ìyá mi. Ìlà mẹ́ta, ìlà mẹ́ta. Kò fèsì, kò fèsì. Epo ń ṣàn, owó ń wọlé, ọ̀gá ti ra Píjò tuntun, kò sì sẹ́ni tó ráyè gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn.

Ẹ ní kí n lọ bẹ ọ̀gá mi. Mi ò ní lọ. Mo ti ń ṣe àdàkọ àdírẹ́sì àwọn tó wà nínú fáìlì. Lọ́jọ́ Sátidé, mò ń lọ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bá mi gbàdúrà pé kí ìbínú yìí lọ. Ẹ bá mi gbà á pé kó má sọ èmi náà di ẹni tí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹsẹ̀ tó ń dùn yín fúyẹ́, kí ẹ̀yin àti Bàbá mi pẹ́ fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ìyá tó wà lágbàlá, lọ́mọdé lágbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràbíátù Àyìnkẹ́