Ọmọkùnrin Ògiri àti Ẹ̀gbọ́n Mi

Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Wọ́n ti gbé màńgà tuntun lé mi lọ́wọ́ níbi iṣẹ́ — ìwé ìfẹ́ aláwòrán àwọn ará Jàpáànù, kí n tú u sí Yorùbá. Ọmọbìnrin inú rẹ̀ máa ń gbọ̀n bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, torí ẹnì kan fipá dì í mú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Kí wá ni ọkùnrin tó ní òun fẹ́ràn rẹ̀ ṣe? Ó há a mọ́ ògiri. Ojú ìwé mẹ́sàn-án gbáko! Mo ti sọ ọ́ ní Ọmọkùnrin Ògiri. Iṣẹ́ bíríkìlà ni ì bá lọ kọ́.

Ìṣẹ́gun, 5
Ọmọkùnrin Ògiri fẹnu ko ọmọbìnrin náà lẹ́nu níbi tó sùn sí. Ẹ̀rù ọdún mẹ́ta pòórá. Ẹ bá mi kí dókítà!

Ọjọ́bọ̀, 7
Ọ̀gá pè mí. Ó ní "Rárá" tí ọmọbìnrin náà ń sọ ti pọ̀ jù, kí n fi "Ojú ń tì mí" rọ́pò rẹ̀, kó lè dùn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, rárá ló wà níbẹ̀." Ó bi mí bóyá mo tiẹ̀ ní olólùfẹ́.

Àbámẹ́ta, 9
Mo ka ibi ògiri yẹn fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin níbi tó ti ń lọ aṣọ, kó lè bá mi rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí Ọkọ Wa ṣe ṣe nìyẹn." Ọkọ Wa — bá a ṣe ń pe àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá láìsọ ìdí. "Mo ní rárá. Ó ní ṣebí ìyàwó òun ni mí."

Èmi tí mo pè é ní agbéraga lójú gbogbo ẹbí! Èmi tí mo ní àtùpà ni wọ́n fi ń wá irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀! Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n kọ́kọ́ gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí búláòsì òun ná.

Àìkú, 10
Mo bá ẹ̀gbọ́n mi lọ gbogbo aṣọ tó kù.

Ajé, 11
Mo fi gbogbo "Rárá" sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọ̀gá ní òun á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Kó gbé e.

Ọjọ́rú, 13
Ọkọ Wa tún wá kí Màmá, bó ti máa ń ṣe lóṣooṣù, kí Màmá lè bá a bẹ ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn. Mo purọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi kò sí nílé. Ohùn rẹ̀ dún lẹ́yìn mi: "Mo wà nílé. Mi ò fẹ́ rí ẹ ni."

Màmá jáde. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń gba àlejò nìyẹn?"

"Màmá, ẹ jókòó. Mo fẹ́ sọ fún yín ìdí tí mo fi kọ̀ ọ́."

Ọkọ Wa, tó ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, tún sáré wọ̀ ọ́ padà.

Màmá jókòó.