Ìró Ìyá Bùkọ́lá

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́. Àkúrẹ́.

Mo ti ìlú Ọ̀dà dé, mi ò lè jẹun.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ wo Bùkọ́lá àtàwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbàkígbà tí mo bá dé, wọ́n á ní ìyá àwọn lọ sóko. Èmi náà á rí ìró ìyá náà lórí okùn, tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀, mo bá kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé àgbàlagbà wà nílé. Bí mo ṣe yọ wọ́n kúrò láàárín àwọn ọmọ tí kò ní alágbàtọ́ tí ọ́fíìsì wa ń fún lóúnjẹ nìyẹn.

Lónìí, inú bí mi sí ìyá tí kì í gbélé yìí. Mo jókòó, mo ní màá dúró dè é. Bùkọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, bá kúnlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Màmá wa ti kú. Èmi ni mò ń fọ ìró wọn láràárọ̀, káwọn èèyàn lè rò pé wọ́n wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pín wa."

Tí mo bá kọ òótọ́, wọ́n á pín wọn sí ilé ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀kan á lọ sí Oǹdó, ọ̀kan á... Tí mo bá sì dákẹ́, ebi ńkọ́?

Ìró kan náà ni mo rí lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò rí aṣọ àgbàlagbà mìíràn nílé náà rí. Èmi obìnrin, mi ò bi ara mi pé kí ni ìyá wọn wá ró lọ sóko.