Wọ́n Ti Àwọsánmà Mọ́ Wa ní Komu

Rùkáyàt Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ o, àti fún ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ọlọ́run tó jí wa láàárọ̀ yìí yóò máa jí yín pẹ̀lú ìlera ní Ìbàdàn tí ẹ wà, yóò sì fún yín ní ìfọ̀kànbalẹ̀ ju tèmi lọ, nítorí inú ń bí mi, mi ò sì lè fi pamọ́. Ara wa le. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì. Ìròyìn rere ti parí síbẹ̀.

Ìwọ lo sọ fún wa nígbà Iléyá pé níbi iṣẹ́ yín, ẹ kó àwòrán gbogbo àrùn tó ń ṣe ewé ẹ̀gẹ́ jọ, pé ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́, àti pé ilé-iṣẹ́ ńlá kan ló ń sanwó ibi tí ẹ kó o sí, tí ẹ ń pè ní kíláòdù. Mo bi Kíkẹ́, tíṣà tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, ó ní àwọsánmà ni. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, ewúrẹ́ kò ní dé ibẹ̀ jẹ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ewé ẹ̀gẹ́ bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tó ń ká kò. Mo sáré bá Kíkẹ́. Ó tẹ fóònù títí, kò rí ewé kankan, àfi ọ̀rọ̀ kan tó jáde pé onígbọ̀wọ́ kíláòdù ti dáwọ́ dúró, kí a ní sùúrù. Mo jáde, mo gbójú sókè. Àwọsánmà wà níbẹ̀ o! Kò sẹ́ni tó gbé e lọ. Irọ́ wo ni wọ́n ń pa fún wa?

Mo bínú lọ bá Festus tó ń ṣọ́ òpó fóònù gíga nì, mo ní kó gun òkè lọ wo ohun tí wọ́n fi tì í. Festus rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní Màmá, kò sí lókè rárá, inú ilé kan ní ìlú òyìnbó ni, ẹ̀rọ ló kún ibẹ̀, wọ́n sì ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí wọn tọ̀sán-tòru. Ìgbà yẹn gan-an ni inú wá bí mi. Ewé oko wa, tí ìwọ fúnra rẹ yà ní fọ́tò nínú oòrùn títí orí fi fọ́ ọ, òun ló ń gba atẹ́gùn nínú yàrá, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwa?

Bàbá rẹ kò lè dúró. Ó ní àrùn tó pa oko gbogbo ìlú níjọ́sí ni, pé bí òun kò bá tètè fà á tu, yóò ràn mọ́ ti Ọdẹ́wùmí tó bá a pààlà. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ó fa gbogbo rẹ̀ tu, àfi ìwọ̀nba létí odò, ó sì dáná sun ún. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀gá iṣẹ́ àgbẹ̀ dé láti Òkèhò, ó wo ìwọ̀nba tó kù létí odò, ó ní kòkòrò ọ̀gbẹlẹ̀ lásán ni, pé bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, yóò rúwé padà. Bàbá rẹ kàn jókòó sórí ebè.

Bá mi sọ fún ilé-iṣẹ́ náà pé wọn kò ṣe dáadáa. Bí wọ́n bá mọ̀ pé yóò sú wọn, kí ló dé tí wọ́n gbà á? Ìwọ náà jẹ̀bi. Kí ló dé tí ẹ fi ohun gbogbo ayé sọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo? Àpò gàrí tí awakọ̀ gbé wá yìí kì í ṣe fún jíjẹ. Àwa obìnrin Komu la dá a jọ. Tà á, kí o san owó rẹ̀ fún onílé ẹ̀rọ nì. Bí kò bá tó, sọ, a óò tún yan òmíràn, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ orúkọ wa mọ́ àwọn onígbọ̀wọ́.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí n wá bá wọn sọ ọ́ lójúkojú. Fi ti bàtà kún un, mi ò lè wọ bàtà oko lọ bá wọn jà. Fi owó igi ẹ̀gẹ́ tí bàbá rẹ yóò tún gbìn sí i pẹ̀lú, òun kò ní tọrọ rẹ̀ láé.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní jóná. Ohun tí o bá gbìn, ojú rẹ ni yóò ṣe tó fi máa so. Àmín.

Bí o bá pe bàbá rẹ, má bi í léèrè oko o. Jẹ́ kó gbọ́ ohùn àwọn ọmọ.

Èmi ìyá rẹ,
Àwáwù