Òwú Tó O So Mọ́ Wáyà Iná Mọ́tò

Ìyàwó mi,

O ṣì ń sùn nígbà tí mo gbé mọ́tò jáde. Àwọn ọmọ ti dé ilé ìwé. Má bínú sí mi o: o ní o ti tún ẹnu wáyà iná iwájú tó gbóná títí tó fi yọ́ ṣe, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀, torí àwọn ọmọ ló ń jókòó sínú ọkọ̀ yẹn. Ni mo bá yà sọ́dọ̀ rewáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe.

Ó tan iná sílẹ̀ títí, ó fọwọ́ kan ẹnu wáyà tuntun tó o fi sí i. Ó tutù. Ó fa wáyà kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó mì. Ìgbà yẹn ló rí òwú aláwọ̀ mẹ́ta tó o so mọ́ wọn kó o tó gé wọn, kí wọ́n má baà dà pọ̀ mọ́ ara wọn.

Ó ní, “Rewáyà wo ló ṣe èyí?”

Mo ní, “Télọ̀ ni. Ìyàwó mi ni.”

Orí mi wú, àfi bíi pé èmi ni mo ṣe é! Má tú òwú yẹn o. Kó aṣọ kúrò lórí àga oníbàárà, rewáyà náà ń bọ̀ wá bá ọ nírọ̀lẹ́. Kì í ṣe aṣọ ló fẹ́ rán, ó fẹ́ kó o kọ́ òun bó o ṣe ń fi òwú sàmì sí wáyà.

Ọkọ rẹ