Alhaja Yusrah Àbẹ̀kẹ́ Ṣàmsúdéènì, Awakọ̀ Bọ́ọ̀sì Tó Gba Góòlù Lórí Òkè Yìnyín

Ìdílé Ṣàmsúdéènì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá bá wọn ṣe àdúrà fídáù yìí.

Ìlú Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí Alhaja Yusrah Àbẹ̀kẹ́ sí ní ọdún 1962, sínú ilé Làtíìfù ahunṣọ-òfì. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ka ìwé mẹ́wàá. Ní 1989, wọ́n fẹ́ Alhaji Ṣàmsúdéènì, àwọn méjèèjì sì wá fi Peckham ní London ṣe ilé.

Láti 1996 ni Màmá ti ń wa bọ́ọ̀sì. Wọn kì í pariwo mọ́ èrò. Tí wọ́n bá ti fi dígí wo ẹni tó wọlé láìsanwó, olúwa rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Òtútù nìkan ló ń dà wọ́n láàmú: nínú oṣù keje tí ooru máa ń mú níbẹ̀, wọ́n ṣì ń wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì.

Ní 2004, mọ́ṣáláṣí wọn kó àwọn ọmọ lọ sí òkè yìnyín kan ní Austria, Màmá sì bá wọn lọ gẹ́gẹ́ bí alásè. Àmírà, àkọ́bí wọn, wọ bàtà síkì tán, pátákó gígùn tí wọ́n fi ń yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí yìnyín, ó dúró létí òkè, ó ń sunkún. Màmá wọ tiwọn láti fi hàn án pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

“Ṣebí ká ṣáà máa sọ̀ kalẹ̀ náà ni?”

Kí wọ́n tó sọ ọ́ tán, wọ́n ti ń lọ. Wọ́n kọjá olùkọ́, wọ́n kọjá ilé oúnjẹ, wọ́n sì wọ inú òkìtì yìnyín títí dé àyà. Nígbà tí àwọn èèyàn fà wọ́n jáde, Màmá ní, “Ibo la ti ń gùn ún padà?”

Bí Màmá ṣe di ẹlẹ́sìn síkì nìyẹn. Ní òkè àtọwọ́dá kan ní Kent, lẹ́bàá London, ni wọ́n ti ń kọ́ ọ lọ́jọọjọ́ Àìkú. Nígbà tí wọ́n dá lápá ní 2013, Alhaji ní, “Ìyá Àmírà, ó tó gẹ́ẹ́.”

“Alhaji, ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì alájà méjì gba inú èrò ọjà Rye Lane kọjá, kí ni òkè fẹ́ fi ṣe é?”

Láti ìgbà náà, Alhaji ò dá sí i mọ́. Èyí dun Màmá ju apá lọ.

Ní 2017, Màmá lọ bá àwọn obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún díje ní Austria. Alhaji tẹ̀ lé wọn. Alhaji ní àwọn fẹ́ wà nítòsí láti gbé Màmá lọ sílé ìwòsàn. Àwọn tó ń darí eré ní kí Alhaji dúró lẹ́yìn ọgbà, Alhaji kọ̀. Ibi tí eré ti ń parí gan-an ni wọ́n dúró sí, tẹ̀súbáà lọ́wọ́, ojú ní dídì.

Bí Màmá ṣe kọjá èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn ọ̀pá tí wọ́n rì sójú ọ̀nà eré, síkì kan yọ lẹ́sẹ̀ wọn. Òfin gbà wọ́n láàyè láti fi ẹyọ kan parí eré níbẹ̀. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kejì sókè, wọ́n ń bọ̀.

“Alhaji, ẹ yà!”

Alhaji pẹ́ kí wọ́n tó la ojú. Àwọn méjèèjì yí gbirigbiri dé ìdí ọgbà.

Màmá gba góòlù. Alhaji ló dá lọ́wọ́.

Nígbà tí dókítà bi wọ́n léèrè ẹni tó sáré, Alhaji na ọwọ́ tó dá náà sí Màmá: “Ìyàwó mi ni. Ó ṣe ipò kìíní.” Láti ọjọ́ náà, àpò Alhaji ni góòlù ń gbé. Wọ́n fi han ẹlẹ́ja, wọ́n fi han onígbàjámọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò yin Màmá lójú-kojú rí.

Àìsàn ráńpẹ́ ló mú Màmá lọ ní 2025. Alhaji ló gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, Àmírà, Roqeeb, Nasrullah, àti ọmọ-ọmọ mẹ́ta. Nígbà tí gbogbo èèyàn ti kúrò nídìí sàréè, Alhaji bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ní, “Yusrah, o gbìyànjú gan-an.”

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ yín, Àbẹ̀kẹ́. Ẹ sùn re o.